Láàbù ojú ọjọ́ tá a gbé kalẹ̀ ní yunifásítì wa l'Óṣogbo: bá a ṣe ṣe é láti oṣù kìíní di oṣù kẹjọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè. Láàbù ojú ọjọ́ tá a bẹ̀rẹ̀ níbí l'Óṣogbo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn ọmọ ti ń fi kẹ́kọ̀ọ́, àwa olùkọ́ náà ti ń fi ṣèwádìí, mo wá ní kí n kọ bá a ṣe ṣe é sílẹ̀ torí àwọn tó fẹ́ ṣe irú ẹ̀ níbòmíì, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi wá ni pé kọ̀ǹpútà mélòó la rà. Ìbéèrè yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló kọ́kọ́ kàn. Ohun tó wà níta lórí koríko, níbi tí òòrùn ti ń pa á tí òjò ń pa á, òun ló máa sọ bóyá òótọ́ lẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ àbí irọ́. Tí nọ́ńbà bá ti bàjẹ́ láti ìta, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù mélòó lẹ fi rà á.

Oṣù kìíní: ilẹ̀, àpótí, òpó

Ọ̀rọ̀ ibi tá a máa gbé e sí ló kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan lára àwọn tó ń bójú tó ilé àti ilẹ̀ ní ká gbé gbogbo ẹ̀ sórí dẹ́kìn. Wọ́n ní, "Dọ́kítà, olè ò lè dé ibẹ̀, ewúrẹ́ ò lè dé ibẹ̀, ẹ kàn máa ti ilẹ̀kùn ni." Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ o, torí àwọn ló mọ iye waya tí wọ́n ti gé lọ nínú ọgbà wa. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ gòkè lágogo méjì ọ̀sán." A gòkè lóòótọ́. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi bo dẹ́kìn yẹn ti rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ wa nísàlẹ̀ bàtà, ooru ń ru sókè látilẹ̀ bọ̀ wá sójú wa, ẹ̀gbọ́n ò tíì dúró tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ní ká máa sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Ooru dẹ́kìn la ò bá máa wọ̀n níbẹ̀ lọ́dọọdún, tá a ó sì máa pè é ní ooru Òṣogbo.

Ìlànà WMO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, ni pé kí ohun tó ń wọn ooru wà láàárín mítà 1.25 sí mítà 2 sókè ilẹ̀, lórí koríko tí wọ́n ń gé déédéé, kí èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ wà ní mítà 10 sókè, kí igi tàbí ilé tó bá wà nítòsí sì jìnnà tó ìlọ́po 10 gíga ara ẹ̀. Ilé ẹ̀ka wa ga tó mítà 9, ẹ ṣírò ẹ̀, mítà 90 nìyẹn, ta ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀ láàárín ilé ìwé? A bẹ àwọn ará ágíríìkì, wọ́n yọ̀ǹda igun kan fún wa lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ wọn, Ọlọ́run á ṣe é lóore fún wọn. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń jókòó sí abẹ́ ẹ̀, a ò gé e, a kàn sún síwájú sí i ni títí ọ̀nà fi jìn. Wáyà oníhò la fi ṣọgbà yí i ká. Àwọn kan ní ká fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, mo kọ̀, torí ògiri á dí afẹ́fẹ́, á tún máa gbóná mọ́ nǹkan tá a fẹ́ wọ̀n.

Àpótí funfun tí wọ́n máa ń kó òṣùwọ̀n ooru sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Stevenson screen torí Thomas Stevenson, ẹnjiníà ará Scotland, ló ṣe irú ẹ̀ jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kápẹ́ńtà tiwa níbí náà ló kàn án. Pákó ni, ara ẹ̀ rí bíi fèrèsé lúfà yí ká kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú ẹ̀ kọjá kí òòrùn má sì wọlé. Ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ òyìnbó máa ń sọ pé kí ilẹ̀kùn ẹ̀ kọjú sí àríwá kí òòrùn má bàa kan òṣùwọ̀n tẹ́ ẹ bá ṣí i. Lọ́dọ̀ wọn, òótọ́ ni. Òṣogbo wà ní nǹkan bíi dìgírì 7.77 lókè ìlà agbedeméjì ayé, láti bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá gan-an ni òòrùn ọ̀sán wà lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn àríwá lásìkò yẹn, òòrùn ló ṣílẹ̀kùn fún. Torí náà ilẹ̀kùn méjì la ní kí kápẹ́ńtà ṣe, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, bí WMO náà ṣe sọ fún àwa ilẹ̀ olóoru. Kápẹ́ńtà wò mí títí, ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀kùn méjì fún àpótí kékeré yìí?" Mo gbé igi kan sílẹ̀, mo fi ọ̀nà òòrùn hàn án láti oṣù dóṣù, òun fúnra ẹ̀ ló wá sọ pé òun náà ti ń rí i tí òòrùn ń yí wọ ṣọ́ọ̀bù òun láti ìhà kejì lásìkò òjò.

Òpó mítà 10 yẹn, wẹ́dà fi hínjì ńlá sí ìdí ẹ̀ ká lè máa dà á sílẹ̀ tá a bá fẹ́ tún nǹkan orí ẹ̀ ṣe, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kankan máa gun òpó. Okùn irin mẹ́ta ló dì í mú, kọ̀ńkéré ló wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń tọ́ka ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àríwá wà gan-an, kọ́ńpáàsì inú fóònù ò sì ṣeé gbọ́kàn lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Òjìji la lò. Ṣé ẹ mọ̀ pé òòrùn ò gún lágogo 12 l'Óṣogbo? Aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlà dìgírì 15 lápá ìlà-oòrùn, Òṣogbo sì wà ní bíi 4.57, dìgírì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 4, torí náà òòrùn wa máa ń pẹ́ ju aago lọ ní bí ìṣẹ́jú 42, ó sì tún ń sún síwájú sẹ́yìn bí oṣù bá ṣe ń yí. Lóṣù kìíní ó ti ń sún mọ́ 12:50. A ṣírò ti ọjọ́ yẹn gan-an, a so irin mọ́ ìdí okùn kó lè ró gangan, gbogbo wa dúró yí i ká tí ẹnì kan ń wo aago, nígbà tó tó àkókò òjìji okùn yẹn nà tààrà sí àríwá lórí sìmẹ́ńtì, a fi ọ̀dà funfun fa ìlà lé e. Ìlà yẹn ni gbogbo ọmọ ọdún kìíní máa ń kọ́kọ́ wá wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan.

Oṣù kẹta: òjò ń bọ̀

A fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ ti wà ní ìdúró kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, torí ìjì àkọ́rọ̀ ló máa ń le jù, ó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀ẹ̀kan náà lafẹ́fẹ́ máa yí padà tí ooru máa já wálẹ̀ tí eruku máa gbalẹ̀, gbogbo ẹ̀ á sì ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó bá ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́ta ò ní rí i rárá. Ìdí tá a fi ń fẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Logger tiwa, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba nọ́ńbà tó sì ń tọ́jú ẹ̀, ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ìlà 144 lójúmọ́, ooru, omi inú afẹ́fẹ́, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀, òjò, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ òòrùn. Sólà àti bátìrì 12 V ló ń gbé e, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú iná ilé, mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀ tinútinú. Nígbà ọyẹ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fi aṣọ tútù nu sólà yẹn àti ojú ohun tó ń wọn òòrùn, torí eruku tó ń ti apá Chad lọ́hùn-ún bọ̀ kì í fojú rere wo gíláàsì.

Ọ̀rọ̀ àrá ńkọ́? Òpó irin mítà 10 láàárín pápá, ẹ ò ní láti béèrè. Ilẹ̀ pupa ibi máa ń gbẹ gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná ò sì ń fẹ́ gba ilẹ̀ gbígbẹ kọjá, torí náà wayámáànù gbẹ́ kòtò jìn, ó da èédú àti iyọ̀ yí irin ẹ́ẹ̀tì tó ń gbé iná àrá wọlẹ̀ ká, a sì ń bu omi sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ máa ń jẹ irin ṣá, a ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Òṣùwọ̀n òjò ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ìbú ẹnu ẹ̀ lódidi jẹ́ 200 cm² (sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 200), nínú ẹ̀ ife kékeré méjì wà tó ń ṣe jangirọ́fà, bí omi bá kún ọ̀kan tán á dà á nù, ìkejì á bọ́ sábẹ́ omi, gbogbo ìgbà tó bá yí ni logger máa ka mìlímítà 0.2. Ẹ wo ìṣirò ẹ̀: mìlímítà kan òjò lórí ẹnu tó fẹ̀ báyẹn jẹ́ mìlílítà 20 omi, nítorí náà mìlílítà 4 ló gbọ́dọ̀ mú ife kan yí. Kí wọ́n tó gbé e síta, a ní kí àwọn ọmọ dán an wò. Wọ́n wọn omi mìlílítà 400 sínú ike omi, wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu ìdí ẹ̀ kó lè máa kán díẹ̀díẹ̀, gbogbo yàrá dákẹ́, ẹ ń gbọ́ "kà", ó dákẹ́, "kà", ọmọbìnrin kan ń fa ìlà sínú ìwé bó ṣe ń dún. Ó yẹ kó dún ní ìgbà 100. 94 ló dún. Ìyẹn ni pé tòjò bá rọ̀ mìlímítà 100 a ó máa sọ fún ayé pé 94 ló rọ̀, tuntun inú páálí sì ni o! Ṣúkúrúù méjì wà lábẹ́ ife yẹn, èèyàn máa yí i sókè díẹ̀ kí ife tètè máa yí lórí omi tó dín, wọ́n yí i, wọ́n tún dán an wò, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí tó fi wọlé dáadáa. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ò ní gba nọ́ńbà kankan gbọ́ mọ́ láìbéèrè ibi tó ti wá.

A ò sì gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Òṣùwọ̀n òjò onífọwọ́wọ̀n àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹnì kan ń lọ wò ó láràárọ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pẹ̀lú bírò. Tí òjò bá le gan-an, ife jangirọ́fà yẹn máa ń kà kéré, torí omi ṣì ń dà nígbà tí ife ń yí lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì fúnra ẹ̀ ti di iṣẹ́ ìwádìí ọmọ kan.

Yàrá kọ̀ǹpútà

Èyí ò ní gùn. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ la rà fún àwọn ọmọ, RAM 8 GB, a fi Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, sí gbogbo ẹ̀, sáfà kan tó lágbára dáadáa ló wà ní igun pẹ̀lú ínfátà tiẹ̀, a fi waya so gbogbo wọn pọ̀, kì í ṣe Wi-Fi. Raspberry Pi kan, kọ̀ǹpútà kékeré bí àtẹ́lẹwọ́, ló ń gba nọ́ńbà látita, WeeWX, ètò kọ̀ǹpútà ojú ọjọ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ló ń yà á sí àwòrán. Gbogbo ohun táwọn ọmọ nílò wà lórí sáfà, tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ kíláàsì ò dúró.

Ibi tówó dátà ì bá ti pa wá ni àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ gbogbo ayé tí wọ́n ń pè ní GFS, tí NOAA, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ àti òkun ní Amẹ́ríkà, ń gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Gbogbo ayé ló wà nínú fáìlì ẹ̀, kókó 1,038,240, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti ṣírò ojú ọjọ́, dìgírì 0.25 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kí la fẹ́ fi Ọsirélíà ṣe? Wọ́n ní ọ̀nà téèyàn lè gbà gé ibi tó fẹ́ nìkan, àwa gé láti dìgírì 0 dé 25 ní àríwá, 20 ní ìwọ̀-oòrùn dé 20 ní ìlà-oòrùn, ó wá ku kókó 16,261, ìyẹn ò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa sì wà níbẹ̀. Ìdájí ló ń wọlé fúnra ẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já fáfá, káwọn ọmọ tó dé ó ti wà nílẹ̀, wọ́n á fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, yà á, wọ́n á fi wé ohun tí òpó wa rí.

Oṣù kẹfà: aago

Ọmọ ọdún kẹta kan wá bá mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ má bínú sà, àwòrán àná ń sọ pé agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ooru mú jù." Mo wò ó, òótọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Raspberry Pi 4 ò ní aago tó ń fi bátìrì rìn nínú, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bi ní aago. Iná lọ lóru, íntánẹ́ẹ̀tì náà lọ, nígbà tí Pi jí padà ó kàn ń bá aago tó rántí kẹ́yìn lọ ni, ọ̀sán gangan ló ń kọ sílẹ̀ ní àárọ̀. Nọ́ńbà ooru yẹn péye o, aago ẹ̀ ni ò péye, èyí ló sì burú jù torí kò hàn. A fi aago kékeré DS3231 sí i, bátìrì rírebete ló wà lẹ́yìn ẹ̀, iná ì báà lọ fún oṣù kan aago ò ní ṣìnà. Àwọn ìlà tó ti ṣìnà, aago logger la fi tò wọ́n padà, torí iná tiẹ̀ ò lọ rí. UTC, aago tí gbogbo ayé jọ ń lò, la fi gbogbo aago sí, agogo kan ọ̀sán tiwa ni 12 UTC, káwọn ọmọ lè máa fi tiwa wé ti ayé láìdàrú.

Láti ìgbà yẹn la ti ní òfin méjì tí mi ò gbà kẹ́nikẹ́ni rú. Fáìlì tó tita wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láé, ẹ̀dà ẹ̀ lẹ máa tún ṣe, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe síbẹ̀. Ibi tí nọ́ńbà ò bá sí, -9999 lẹ máa kọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ òdo. Òdo túmọ̀ sí pé a wò ó, òjò ò rọ̀. Tí agbọ́n bá kọ́lé sẹ́nu òṣùwọ̀n, bó ti ṣe lóṣù karùn-ún, tómi ò rọ́nà wọlé, ẹ ò lè sọ pé òjò ò rọ̀ nígbà tó jẹ́ pé bàbá tó ń gé koríko fúnra wọn rin sínú òjò yẹn.

Ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi lóṣù yìí ni ti agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀. Àwọn ọmọ rí 975 hPa (hPa ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, torí 1013 ló wà nínú ìwé. 1013 yẹn, etí òkun ni. Òṣogbo ga tó nǹkan bíi mítà 320 ju òkun lọ, a jọ ṣírò ẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, 975 ló sì bọ́ sí. Mo tún ní kí wọ́n ya ti ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìlà yẹn ń gòkè ń sọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ó ga ní bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, ó lọ sílẹ̀ ní bí agogo mẹ́rin ìdájí àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òòrùn tó ń mú ojú ọ̀run gbóná ló ń fa á, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ló sì ti ń hàn jù, lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ìjì òtútù wọn máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Kíláàsì pariwo! Látìgbà yẹn, ìlà yẹn la fi ń mọ̀ pé ara ẹ̀rọ náà dá, lọ́jọ́ tá ò bá rí i, a ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. A tún ń fi tiwa wé ti NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ti ìjọba Nàìjíríà, torí wọ́n ní ibùdó l'Óṣogbo níbí.

Oṣù kẹjọ: ibi tá a dé

Òjò ti sinmi díẹ̀ bó ti máa ń ṣe lóṣù kẹjọ, ojú ọ̀run ṣú lọ́pọ̀ ìgbà, ó tutù, òjò ò wá pọ̀. Màmá kan tó ń ṣe àdìrẹ, ọmọ ẹ̀ wà lára àwọn ọmọ wa, rán an sí wa pé ọjọ́ wo ni òòrùn máa ràn tóun fi lè sá aṣọ. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju gbogbo àlejò tó ti wá wo láàbù lọ. Ìlú aró ni Òṣogbo, wọn ò kọ́ ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ nílé ìwé kí wọ́n tó mọ̀ pé ó kàn wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ òòrùn tá à ń wọ̀n àti GFS làwọn ọmọ fi ń gbìyànjú ẹ̀ báyìí, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ lálẹ́, wọ́n á sì wo bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì, yálà ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i.

Ohun tó kù: a fẹ́ gbé òpó kejì, kékeré, sí àárín ìlú lápá Ọlá-Ìyá tàbí Ọjà Ọba, ká lè mọ bí ooru inú páànù àti ọ̀dà títì ṣe ju ti oko ẹ̀gẹ́ wa lọ lóru, torí òru gan-an ni ìyàtọ̀ yẹn máa ń pọ̀ jù. A ń wá ẹni tó ní àgbàlá tó tẹ́jú tí koríko ẹ̀ ṣì wà, èyí ò rọrùn láàárín ìlú. A sì ń wá ìwé òjò àtijọ́. Àwọn ilé ìwé girama kan ń wọn òjò láyé ọjọ́un, àwọn oko kòkó ńlá náà ń wọ̀n ọ́n, ìwé yẹn á ṣì wà nínú àpótí ẹnì kan. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oṣù àti ọdún ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n síbẹ̀, àwọn ọmọ wa á tẹ gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìwé yẹn á sì padà sọ́wọ́ yín.